Awakọ̀ tó bá rọra tẹ iná, epo rẹ̀ yóò pẹ́ kó tó tán

Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde lọ́jọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, kíá ni owó bẹntiróòlù fò sókè. Fún awakọ̀ dánfó, ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó epo ló ń mú relé.

Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra ló máa ń jẹ epo jù nígboro. Ẹni tó sáré tẹ iná ní Òṣòdì, tó tún tẹ bíréèkì lójijì, ti sọ epo tó fowó rà di ooru lásán. Kí awakọ̀ fi àyè sílẹ̀ níwájú, kó tètè gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, kí ọkọ̀ máa yí lọ jẹ́jẹ́. Bí ọ̀nà bá dí pátápátá, kó pa ẹ́ńjìnnì. Kó sì máa yẹ atẹ́gùn táyà wò, nítorí táyà tó rọ̀ ń jẹ́ kí epo tètè tán.

Ìkánjú kò lè tú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ká. Epo lásán ló ń jó.