Bí Baálé Bá Fẹ́ Kí Ẹsẹ̀ Bọ́ọ̀sì Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Máa Fà

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ baálé ilé ni ó fẹ́ràn láti máa fi ọwọ́ ara wọn tún ọkọ̀ ṣe ní ẹ̀yìnkùlé, bí wọn kò tilẹ̀ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ọ̀kan nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sísọ bọ́ọ̀sì ilé di èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fa ọkọ̀, kí ó lè máa la inú ẹrẹ̀, iyanrìn àti yìnyín kọjá. Ẹ̀yin ìyàwó ọ̀dọ́ tí ẹ wà lọ́hùn-ún pẹ̀lú ọkọ yín, àti ẹ̀yin tí ẹ wà nílé níhìn-ín ṣùgbọ́n tí baálé yín ti ń ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín ni yóò jókòó sínú ọkọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú bọ́ọ̀sì Ford Econoline ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lò fún iṣẹ́ yìí. Bí ó ti jáde láti ilé-iṣẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì nìkan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Agbára ń ti inú ẹ́ńjìnnì bọ́ sínú jíábọ́ọ̀sì, ó ń gba ara ọ̀pá irin gígùn kan tí ń yí lábẹ́ ọkọ̀, títí yóò fi dé irin ìdábùú tí ó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Ẹsẹ̀ iwájú kàn ń tẹ̀lé wọn ni. Bí ti ẹ̀yìn bá rì sínú ẹrẹ̀, wọn a máa yí lójú kan, ọkọ̀ a sì dúró gbagidi.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí iwájú náà máa fà yóò yọ irin abẹ́ iwájú kúrò, yóò sì wá irin ìdábùú mìíràn tí ó ní gíà nínú, èyí tí wọ́n sábà máa ń tú lára ọkọ̀ akẹ́rù Ford F-250 àlòkù. Yóò so àpótí gíà kejì mọ́ ẹ̀yìn jíábọ́ọ̀sì, kí ó lè máa pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn. Yóò gé àwọn ọ̀pá irin tí ń yí náà ní ìwọ̀n tuntun, ẹni tí ó ní ẹ̀rọ rẹ̀ yóò sì wọn ìdọ́gba wọn, kí wọn má baà máa gbọn ọkọ̀ jìgìjìgì. Rọ́bà bíréèkì yóò gùn sí i, ọ̀pá tí ń darí ọkọ̀ yóò sì yí ipò padà. Àwọn méjì ìkẹyìn yìí ni kí ẹ fi ọkàn sí jù. Ọkọ̀ tí kò lè fà yóò kàn dúró sójú kan ni, ṣùgbọ́n èyí tí kò lè dúró tàbí tí kò gbọ́ ìdarí ni ó ń pani.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tí ń kánjú máa ń gbójú fò. Eyín gíà iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bára mu: bí ti ẹ̀yìn bá jẹ́ 4.10, ti iwájú náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 4.10. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ti ń rí nígbà tí obìnrin méjì bá jùmọ̀ ń gúnyán nínú odó kan. Bí ọwọ́ wọn kò bá bára mu, ọmọ odó yóò kọlu ara wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni irin abẹ́ ọkọ̀ yóò máa bá ara wọn jà títí ọ̀kan yóò fi ṣẹ́. Bí wọ́n tilẹ̀ bára mu, ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ tí a tún ṣe báyìí kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn lórí ọ̀dà gbígbẹ, nítorí ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í rin ọ̀nà kan náà nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà.

Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ gan-an kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ yìí. Bọ́ọ̀sì Volkswagen, tí àwọn ará Èkó mọ̀ dáadáa ní danfo, ni Gustav Mayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì sọ di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin fún ìdánwò ní àwọn ọdún 1970, tí wọ́n sì wà á nínú aṣálẹ̀ Sàhárà. Síbẹ̀, nígbà tí wọn yóò tà á fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 1985 pẹ̀lú orúkọ Syncro, ilé-iṣẹ́ Steyr-Daimler-Puch ní ìlú Graz ní Austria, tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ni wọ́n gbé e fún. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ilé-iṣẹ́ Quigley ní Pennsylvania ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tipẹ́tipẹ́. Ford alára ti ń ta bọ́ọ̀sì Transit tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà láti ìran ọdún 2020.

Gíga ọkọ̀ ni ó ń dẹ́rù bà mí jù. Irin tuntun náà máa ń gbé bọ́ọ̀sì sókè, ọkọ̀ tí ó sì ga sábà máa ń ṣubú ju èyí tí ó wà nílẹ̀ lọ. Ní ọdún 2001, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó ààbò ojú pópó kìlọ̀ pé bọ́ọ̀sì elérò 15 tí ó bá gbé ènìyàn 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń ṣubú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ju èyí tí èrò inú rẹ̀ kò pọ̀. Bọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni kò gbé sókè ni wọ́n sì ń sọ o! Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a di ẹrù sórí rẹ̀, kí olúkúlùkù sì de bẹ́líìtì. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìyá tí ó pọn ọmọ tàbí tí ó lóyún yóò nílò àtẹ̀gùn tí yóò fi gòkè.

Nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́, tí ó sì lè gba oṣù púpọ̀, ilé ni ewu wà. Orí irin tí a ṣe fún gbígbé ọkọ̀ dúró ni kí bọ́ọ̀sì wà, kì í ṣe orí jáàkì nìkan, kì í sì í ṣe orí búlọ́ọ̀kù, nítorí búlọ́ọ̀kù lè fọ́ lójijì. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Omi aláwọ̀ tí wọ́n ń bù sínú rédíétọ̀ dùn lẹ́nu, ìwọ̀nba díẹ̀ sì lè pa ọmọdé. Bí a bá tú u, kí a gbá a mọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rọ òun tàbí bẹntiróòlù sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Eruku bíréèkì àtijọ́ lè ní asbestos, tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, nínú. Ẹ má gbọn aṣọ iṣẹ́ baálé nínú ilé, ẹ má sì fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ti ọmọ.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí a tó ra irin kan, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bèèrè pé, “Bàbá Ṣadé, ẹ jọ̀wọ́, níbo gan-an ni bọ́ọ̀sì wa ti rì rí?” Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, táyà tuntun tí eyín rẹ̀ jinlẹ̀, pẹ̀lú ọ̀bẹ iyanrìn kékeré kan tàbí ṣọ́bìrì nínú búùtù, lè tó. Ẹ jẹ́ kí ó yé wọn pé ẹsẹ̀ mẹ́rin ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́ láti lọ, kò ràn án lọ́wọ́ láti dúró. Bí wọ́n bá sì ti pinnu, ẹ jọ kọ iye owó tí ẹ kò ní kọjá sílẹ̀, lọ́tọ̀ sí owó ilé-ìwé àti owó oúnjẹ.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, kí mẹkáníìkì mìíràn, tí kì í ṣe ẹni tí ó ṣe é, wo ìdarí, bíréèkì àti ibi tí a jó irin pọ̀. Kí a sọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò, nítorí wọ́n lè kọ̀ láti san owó lórí ọkọ̀ tí a yí padà láìsọ fún wọn. Baálé nìkan ni kí ó kọ́kọ́ wà á fún ọjọ́ díẹ̀, kí ó tún gbogbo nọ́ọ̀tì abẹ́ rẹ̀ fún le, kí àwọn ọmọ tó wọlé.