Ṣọ́jà Tí Ó Padà Sílé

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó bọ́ aṣọ ṣọ́jà sílẹ̀ tí ó sì padà sí ìlú rẹ̀ ni mo mú wá. Àwọn àgbà ní, àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lè dé ilé kí ọkàn má tíì dé.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ogun Hitler, tí ó jà láti ọdún 1939 títí di 1945. A kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà, pẹ̀lú àwọn ará Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà, lọ sí Íńdíà, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti wọ ilẹ̀ Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar nísinsìnyí, láti bá àwọn ará Japan jà. Ní àfonífojì Kaladan, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù la igbó kọjá, ọkọ̀ òfuurufú ni ó sì ń ju oúnjẹ sí wọn láti òkè. Ogun parí ní oṣù kẹjọ ọdún 1945, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dé ilé títí di ọdún 1946.

Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń bá nílé? Nígbà tí ó wà ní bárékè, fèrè ni ó ń jí i. Ẹlòmíràn ni ó ń ṣètò oúnjẹ rẹ̀, ẹlòmíràn ni ó ń sọ ibi tí yóò lọ àti ìgbà tí yóò sùn. Bí oṣù bá parí, owó dé. Ní oko Òkè-Ògùn ńkọ́? Iṣu kò mọ ìparí oṣù. Ẹni tí ó kọ ebè tí ó sì gbin iṣu ní láti dúró de òjò, kí ó sì máa jẹun ní gbogbo àkókò náà, kí ó tó rí iṣu kan wà tà. Bákan náà ni ẹni tí ó fẹ́ kọ́ aṣọ òfì híhun ní Ìsẹ́yìn. Yóò jókòó ti òfì pẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ ọn. Nítorí èyí ni owó tí ṣọ́jà mú bọ̀ fi máa ń tán kí iṣẹ́ rẹ̀ tó so èso. Kì í ṣe ìnákùnàá ni gbogbo ìgbà. Ẹbí tí ó rò pé ó ti di olówó náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹni tí ó ń pàṣẹ fún ogún ọkùnrin lánàá ní láti dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ lónìí, kí ó sì gbà pé ìyàwó tí ó fi sílẹ̀ ti mọ bí a ti ń darí ilé láìsí i.

Ìjọba ìgbà náà mọ̀ pé ọ̀ràn wà ńlẹ̀. Ní ọdún 1945, wọ́n ṣe òfin ní Nàìjíríà pé kí àwọn agbanisíṣẹ́ fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti ogun dé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò kárí. Ọ̀pọ̀ ti kọ́ ọkọ̀ wíwà lójú ogun, ọkọ̀ tí wọn yóò wà nílé ni kò tó.

Ní Gold Coast, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ burú. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1948, àwọn ṣọ́jà àtijọ́ tò lọ ní Accra láti fi ẹ̀dùn ọkàn wọn hàn fún gómìnà. Ọlọ́pàá yìnbọn, mẹ́ta nínú wọn sì kú: Adjetey, Attipoe àti Odartey Lamptey. Rògbòdìyàn gba ìlú kan. Ẹ wò ó, ìlérí tí a kò mú ṣẹ fún ẹni tí ó ti fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu kì í sùn.

Ọgbẹ́ kan tún wà tí ojú kì í rí. Ẹni tí ó bá ń ta gìrì lóru, tí ó ń bínú láìnídìí, tàbí tí ó dákẹ́ jù, kì í ṣe òjò, kì í sì í ṣe aṣiwèrè. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Láti ọdún 1954, ní Arò ní Abẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lambo ń fi àwọn aláìsàn ọkàn, kì í ṣe ṣọ́jà nìkan, sí àárín àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ìbátan wọn, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ó mọ̀ pé ènìyàn ni oògùn ènìyàn.

Ẹ gbọ́ ti Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrẹ-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ogun ní ọdún 1942. Ní ọdún 1944, ìbọn ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ní Kaladan. Àwọn ará abúlé Bọ́mà fi òun àti ọmọ Sàró kan pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án, wọ́n sì ń bọ́ wọn. Ó padà wálé, ó tiro títí ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí iṣẹ́ ìjọba ṣe. Ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní ọdún 1999. Ó kú ní ọdún 2012.

Lónìí ńkọ́? Àwọn ọmọ wa ṣì ń ti iṣẹ́ ogun dé, àwọn mìíràn láti ojú ìjà Boko Haram ní Bọ̀rnó. Ilé ìkọ́ṣẹ́ kan wà ní Òṣòdì, ní Èkó, níbi tí àwọn tí ó fẹ́ fẹ̀yìn tì ti ń kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, iná mànàmáná, adìyẹ sísìn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó kúrò.

Ìwọ tí o ń ti iṣẹ́ ogun bọ̀, tọ́jú ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ bí ẹyin. Ya oúnjẹ odidi ọdún kan sọ́tọ̀ nínú owó rẹ kí o tó ra ohunkóhun. Bí o ti ń jí ní kùtùkùtù ní bárékè, máa jí bẹ́ẹ̀ lọ sí oko. Ìyẹn ni ohun tí ogun kọ́ ọ tí kò yẹ kí o bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ má bi í ní iye owó tí ó mú bọ̀ ní alẹ́ tí ó dé. Ẹ fún un ní ilẹ̀, ẹ fún un ní àyè nínú ìpàdé ilé. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má bi í pé ènìyàn mélòó ni ó pa. Ẹ bi í ní orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì jókòó gbọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.