Kí Ẹni Tó Wà Lókè Òkun Náà Lè Gbọ́

Ó ti ṣọ̀wọ́n kí ìdílé kan ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà lóde òní kí gbogbo ọmọ ilé pé sójú kan. Ọ̀kan wà ní Peckham, òmíràn ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston, ẹlòmíràn ń dúró de ìwé ìgbélùú, kò sì lè kúrò níbi tó wà. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ń bá ènìyàn ṣètò ayẹyẹ fi gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa kámẹ́rà àti dátà bó ṣe mọ̀ nípa àga àti kúlà.

Ìgbéjáde lójú ẹsẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní láìfù, ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù Òkúdù ọdún 1993 ni ẹgbẹ́ olórin Severe Tire Damage gbé eré wọn jáde báyìí láti California, àwọn kan sì wò ó ní Australia. YouTube bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2011, Facebook sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní 2016. Lọ́dọ̀ tiwa, ọdún 2020 ló sọ ọ́ di dandan. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn ará Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé láti ọjọ́ 30 oṣù Ẹrẹ́nà nítorí àrùn Kòrónà, orí Zoom ni ọ̀pọ̀ ti sọ ọmọ lórúkọ. Òfin yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀, àṣà náà dúró.

Ohun tí mo fẹ́ kí olùṣètò mú ní òkúnkúndùn ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ohùn. Mo wà níbi ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ mi kan. Kámẹ́rà mẹ́ta ló wà nílẹ̀, ọ̀kan tilẹ̀ ń fò lókè bí àwòdì. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Manchester ń wò wá lórí fóònù. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìyá ni aago ọ̀rẹ́ mi dún: "Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń rí yín, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ni mò ń gbọ́." Ẹ̀bá fèrèsé ni wọ́n gbé kámẹ́rà sí, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn fèrèsé náà, makirofóònù kékeré ara kámẹ́rà ni wọ́n sì fi ń gba ohùn. Báyìí ni ọmọ ìyá kò ṣe gbọ́ oríkì ìyá rẹ̀. Ó ń dùn mí títí di òní.

Okùn kan péré ni ì bá tún un ṣe. Láti ara míkísà tí onísáùǹdì fi ń po ohùn pọ̀ ni wọ́n ti ń fà á wọ inú kámẹ́rà tàbí kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá ti so ó, ohun tó wọ makirofóònù alága ìdúró ni yóò dé etí ẹni tó wà lókè òkun, ariwo ìta kò ní dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: onílù tí kò ní makirofóònù níwájú kò ní wọlé rárá. Kí wọ́n gbé ọ̀kan síwájú gángan. Kí onísáùǹdì àti oníkámẹ́rà pàdé ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n so gbogbo rẹ̀, kí ẹnì kan sì mú fóònù jáde sí ìta lọ gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ dátà ló kàn. Àwòrán 720p, tó mọ́ tó fún ojú fóònù, ń fẹ́ bíi megabit 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ gigabyte 1.8 ní wákàtí kan, 9 fún ayẹyẹ wákàtí márùn-ún. Ìyára tí dátà fi ń gòkè lọ ni kí a yẹ̀ wò, nítorí fífi ránṣẹ́ ni iṣẹ́ wa, kì í ṣe wíwò. Kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sán Sátidé tí èrò wà níbẹ̀. Gbọ̀ngàn tó ṣófo láàárọ̀ Ọjọ́rú kò jọ èyí tí ènìyàn 500 ti ń fi fóònù wọn ránṣẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dára ju ẹyọ kan lọ. Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì, dé Nàìjíríà ní 2023, àwo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀run gbangba, a kò lè gbé e sábẹ́ kánópì. Kí ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì ní bátìrì tirẹ̀, torí ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí a fi ń ti iná NEPA bọ́ sí jẹnẹrétọ̀ ti tó láti já gbogbo rẹ̀.

Ìkànnì YouTube tuntun kì í lè ṣe láìfù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó lè tó wákàtí 24 kí wọ́n tó ṣí i, ẹni tó fẹ́ fi fóònù ṣe é sì gbọ́dọ̀ ní alábàápín 50 ó kéré tán. Zoom ọ̀fẹ́ ń gba ènìyàn 100, ó sì ń parí ní ìṣẹ́jú 40. YouTube àti Facebook ní ẹ̀rọ tó ń dá orin olórin mọ̀: bí DJ bá ń lu àwo, wọ́n lè pa ohùn láìfù yín tàbí kí wọ́n já a. Kí a dín DJ kù lójú òpó náà.

Aago ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Ẹrẹ́nà títí di èyí tó kẹ́yìn oṣù Ọ̀wàrà, aago London bá tiwa dọ́gba. Ní ìyókù ọdún, ó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Láti Àìkú kejì oṣù Ẹrẹ́nà títí di Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Bélú, New York fi wákàtí 5 wà lẹ́yìn wa, Houston 6; lẹ́yìn náà ó di 6 àti 7. Nítorí náà, ìsìn aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ní Ìbàdàn nínú oṣù Ọ̀pẹ, aago mẹ́ta òru ni ní Houston. Bó bá ṣe ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo ni a fẹ́ kí àwọn ará Salvador ní Brazil wò, wákàtí 4 ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa, Brazil kò sì yí aago padà mọ́ láti 2019. Ẹ kọ aago ibi méjèèjì sínú ìwé ìpè.

Ní ti áàpù, WhatsApp ni ọjà ti ń ná. Ẹgbẹ́ kan lórí rẹ̀ ń gba ènìyàn 1,024. Àtẹ̀jíṣẹ́ àfọ́nká rẹ̀ ń gba 256, ẹni tí kò bá sì fi nọ́ńbà yín pamọ́ kò ní rí i gbà. Ọ̀pọ̀ ìbínú "wọn ò pè mí" ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fọ́ọ̀mù Google dára fún aṣọ ẹbí: orúkọ, iye ọ̀pá, ibi tí wọn yóò ti gbà á. Kí a wo àkáǹtì báńkì fúnra rẹ̀ kí a tó fún ènìyàn láṣọ, kí a má gba àwòrán ìsanwó gbọ́. QR, àmì onígun mẹ́rin tí ilé iṣẹ́ Denso Wave ní Japan ṣe ní 1994 láti fi tọ ipasẹ̀ ẹ̀yà ara mọ́tò, ló ń dá mo-gbọ́-mo-yà dúró lẹ́nu ọ̀nà wa báyìí. Síbẹ̀, kí àgbàlagbà má dúró sínú oòrùn kó máa wá àmì nínú fóònù. Kí ọmọ kan mú ìwé orúkọ lọ́wọ́, kó kúnlẹ̀, kó mú wọn wọlé. Nọ́ńbà fóònù àlejò sì wà lábẹ́ òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023, a kò gbọdọ̀ gbé e fún oníṣòwò.

Láìfù YouTube máa ń fi ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan pẹ́ lẹ́yìn. Bí ọmọ òkè òkun bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ìpè WhatsApp ni kí a fi pè é, kí a so fóònù mọ́ míkísà. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn nígbà ìrántí ọdún kan ìyá ọ̀rẹ́ mi. Gángan ń dún, àbúrò rẹ̀ sì ń ki ìyá láti Manchester, gbogbo gbọ̀ngàn ń gbọ́ ọ.