Ehoro Ilé: Bí A Ti Í Da Irú Méjì Pọ̀ Kí Ọmọ Wọn Lè Tètè Dàgbà

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí ń sin ehoro ni ó ti ṣe àkíyèsí pé ní ọdún kìíní ẹran wọn sanra, ní ọdún kẹta ó rù, nígbà tí ó sì fi di ọdún kẹrin, ọmọ ehoro kò ju òkété tí ebi ń pa lọ. Wọn a máa di ẹ̀bi náà ru oúnjẹ tàbí ojú ọjọ́. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀, akọ kan ṣoṣo tí a rà ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ń gun ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀. Àbùkù tí ó pamọ́ sínú ìran náà a sì máa pàdé ara rẹ̀: ọmọ a kéré, a lọ́ra láti dàgbà, òmíràn a kú kí ó tó la ojú.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a wá akọ láti inú irú mìíràn tí kò bá abo náà tan. Àbùkù tí ó wà lára ìyá kò sábà sí lára irú baba, nítorí náà ọ̀kan a bo ti èkejì mọ́lẹ̀ lára ọmọ.

Ní ọdún 1923, ní Lynwood ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ George West bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí. Ó mú ehoro Himalayan, tí ara rẹ̀ funfun ṣùgbọ́n tí imú, etí, ẹsẹ̀ àti ìrù rẹ̀ dúdú, ó dà á pọ̀ mọ́ Chinchilla. Lẹ́yìn náà ni ó mú akọ tí ó ti inú wọn jáde fún abo New Zealand funfun. Báyìí ni a ṣe rí irú tí a ń pè ní Californian, tí ẹran rẹ̀ pọ̀ ní ẹ̀yìn àti ní itan. (Kí orúkọ má ṣe tan ẹnikẹ́ni jẹ: ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan náà ni a ti mú New Zealand funfun jáde.)

Irú méjèèjì wà ní Nàìjíríà. Kí ẹni tí ó ní abo New Zealand wá akọ Californian, nítorí abo náà a máa bí ọmọ púpọ̀, a sì máa tọ́ wọn dáradára, akọ a sì fi ẹran kún un. Kí ojú má ṣe wọ Flemish Giant nítorí títóbi rẹ̀. Egungun ni ó ń kọ́kọ́ kọ́, oúnjẹ púpọ̀ ni yóò sì jẹ kí ẹran tó dé.

Abo ni a ń gbé lọ sí ilé akọ, nítorí abo a máa bá àlejò jà nínú ilé rẹ̀. Òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni ó dára jù. Ooru líle a máa sọ akọ di aláìlèbímọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà kí ilé ehoro wà lábẹ́ ibòji. Ní ọjọ́ 28 kí a gbé àpótí àti koríko gbígbẹ sí i; ní nǹkan bí ọjọ́ 31 ni yóò bí.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Nígbà tí olúwarẹ̀ bá rí i pé ọmọ àdàlù sanra ju ìyá àti baba lọ, a ta àwọn òbí, a sì fi ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sílẹ̀ láti máa gun ara wọn. Kò mọ̀ pé inú ọmọ àkọ́kọ́ ni èrè àdàlù pọ̀ sí jù. Lára ọmọ tí àwọn wọ̀nyí bá bí, ìdajì èrè náà ti lọ. Ọ̀kan a tóbi, èkejì a rí bí eku. Kí a pa gbogbo akọ àdàlù jẹ, tàbí kí a tà wọ́n fún pípa. Abo àdàlù tí ó dára lè dúró, bí a bá ní akọ irú kẹta fún un. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe ta àwọn òbí.

Àdàlù kì í rọ́pò oúnjẹ. Ewé ọ̀dùnkún àti yúnyun dára, bí a bá sá wọn kí wọ́n rọ díẹ̀. Kí a fi èérí àgbàdo kún un, kí omi mímọ́ má sì ṣe wọ́n abo tí ń fún ọmọ lọ́mú. Kí a wọn àwọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 8 àti ní ọ̀sẹ̀ 12, kí a sì kọ ìwọ̀n náà pẹ̀lú orúkọ ìyá àti baba sínú ìwé tí a so mọ́ ara ilé ehoro, nítorí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta gbogbo ehoro funfun a máa jọ ara wọn.