"Ọ̀gá, ó tún ti já": Ríwáyà alùpùpù àti láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀

Ní Òmù-Àrán nílẹ̀ Ìgbómìnà, bí iná alùpùpù bá kú, ríwáyà ni wọ́n ń wá. Mẹkáníìkì ló ń tú ẹ́ńjìnnì, tó ń pààrọ̀ písítìnì àti kílọ́ọ̀ṣì; ríwáyà ló ni wáyà, bátìrì, pọ́lọ́ọ̀gì àti gbogbo ibi tí iná ń gbà kọjá. Abẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì kan náà la sábà máa ń bá àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n oníkálùkù mọ àyè rẹ̀.

Ọ̀kadà tó wọ́pọ̀ lágbègbè Ìgbómìnà kò nílò kọ̀ǹpútà. Bajaj Boxer tí ilẹ̀ Íńdíà ń ṣe, àti Jincheng àwọn ará Ṣáínà tó ti wà ṣáájú rẹ̀, kábúrétọ̀ ló ń bá wọn po epo mọ́ afẹ́fẹ́, àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní CDI ló sì ń pinnu ìgbà tí pọ́lọ́ọ̀gì yóò ta iná. Ríwáyà tó ní tẹ́sítà àti sípánà mélòó kan lè yanjú rẹ̀ lẹ́bàá títì. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà táwọn ìjọba òkèèrè fún okùn mọ́ èéfín lọ́rùn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2020 ni òfin BS6 ti de gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní Íńdíà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ alùpùpù ibẹ̀ sì pa kábúrétọ̀ tì, wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé kọ̀ǹpútà kékeré kan lọ́wọ́. Àwọn ríwáyà wa ń pè é ní brain box. Alùpùpù ńlá àlòkù tó ń ti Yúróòpù wọlé náà ní in.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí brain box ń sọ á fi wáyà so láàpútọ́ọ̀pù mọ́ ọn. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù tó ti pẹ́ díẹ̀, wáyà kan ṣoṣo, K-line, ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tuntun ń lo CAN, ètò tí Bosch gbé jáde lọ́dún 1986, wáyà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra.

Ibẹ̀ ni ìyọnu ti ń bẹ̀rẹ̀. Láàpútọ́ọ̀pù ń kà dáadáa, wọ́n tẹ sítátà, gbogbo nọ́ńbà ojú rẹ̀ kú. Ọmọ iṣẹ́ á ní, "Ọ̀gá, ó tún ti já." Ọ̀gá tí kò mọṣẹ́ á ní brain box ti bàjẹ́, owó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lápò oníbàárà. Lójú tèmi, ibi tá a ti ń dá ojúlówó ríwáyà mọ̀ nìyẹn, torí pé ohun tó bá a lọ́wọ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé ló sábà máa ń fa ìjákulẹ̀ náà.

Bátìrì ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí bátìrì fólìtì 12 bá ti rẹ̀, iná rẹ̀ lè já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí sítátà bá ń fà á, brain box á kú, á tún jí, láàpútọ́ọ̀pù kò sì ní dúró dè é. Lẹ́yìn ìyẹn, kó tú bóòtù tó di wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ irin alùpùpù, kó ha ìpẹtà tó wà lábẹ́ rẹ̀ kúrò. Bó bá jẹ́ pé gbàrà tí ẹ́ńjìnnì bá dáhùn ni ó ń já, kó yọ pọ́lọ́ọ̀gì kó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Lára pọ́lọ́ọ̀gì NGK, lẹ́tà R tó wà láàárín nọ́ńbà rẹ̀ ló ń fi hàn pé ó ní ohun tó ń pa ariwo iná. Bí ẹnì kan bá ti fi èyí tí kò ní R síbẹ̀, ariwo náà á wọnú wáyà láàpútọ́ọ̀pù. Ṣájà láàpútọ́ọ̀pù tí wọ́n kì bọ jẹnẹrétọ̀ náà ń da ọ̀rọ̀ rú. Kí wọ́n yọ ọ́, kí láàpútọ́ọ̀pù máa lo bátìrì ara rẹ̀.

Ti CAN tilẹ̀ rọrùn láti wọ̀n. Wọn á yọ orí bátìrì, wọn á fi mítà kan wáyà méjèèjì. Bí mítà bá mú nǹkan bí ohm 60, ara rẹ̀ dá. Bó bá mú 120, ó ti já níbì kan tàbí ọ̀kan nínú rẹ̀sítọ̀ ìpẹ̀kun rẹ̀ kò sí mọ́.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, alùpùpù kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Windows lè fún wáyà USB ní nọ́ńbà COM tuntun nítorí pé wọ́n kì wáyà náà bọ ihò mìíràn, ètò orí láàpútọ́ọ̀pù á ṣì máa wá a ní nọ́ńbà àná. Wáyà gbàrọgùdù náà wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, ilé iṣẹ́ FTDI, tó ń ṣe ṣípù inú irú wáyà USB yìí, fi dráífà kan ránṣẹ́ nípasẹ̀ Windows, dráífà náà sì sọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn ṣípù ayédèrú wọn di òdo. Wáyà tó ṣiṣẹ́ lánàá di okùn lásán. Láti ọdún 2011 tí Landmark University ti wà ní Òmù-Àrán, láàpútọ́ọ̀pù kì í ṣe ohun àpéwò nílùú náà mọ́. Wáyà tó dára ló ṣòroó rí.

Bó bá já lásìkò tí wọ́n ń ka brain box lásán, ẹ tún un so. Ewu ńlá wà níbi kíkọ ètò tuntun sínú rẹ̀: bí iná bá lọ lágbedeméjì, ó lè má jí mọ́. Ìdí nìyẹn tí ríwáyà tó mọṣẹ́ fi máa ń so bátìrì mọ́tò mọ́ ti alùpùpù kó tó bẹ̀rẹ̀, tí kì í sì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Oníbàárà tó ń kánjú á máa ráhùn pé kí ló kan bátìrì mọ́tò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kó máa ráhùn lọ; òun kọ́ ló máa ṣàlàyé bí brain box ṣe kú.