Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́, Tiránsífà Tuntun: Ohun tí Ó Yẹ kí Awakọ̀ Ọ̀nà Ogbe-Ijoh Mọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnjọ ejò ní ń jẹ ejò níyà. Bí ọ̀rọ̀ ejò ṣe rí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti táyà mẹ́rin tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Bí méjì bá ń ṣiṣẹ́ tí méjì ń wòran, ibi tí ẹrẹ̀ bá ti pọ̀ ni ọkọ̀ náà yóò ti dójú ti ẹni tó ni ín. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun létí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń ṣòwò ní agbègbè Warri, pàápàá àwọn tí ọ̀nà wọn máa ń já sí Ogbe-Ijoh.

Ìlú àwọn Ijaw ni Ogbe-Ijoh, etí omi ló wà. Òun ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Warri South-West ní Ìpínlẹ̀ Delta, ìpínlẹ̀ tí a yọ lára Bendel ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Orúkọ rẹ̀ tàn káàkiri Nàìjíríà ní 1997, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí gbígbé olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà lọ sí Ogidigben. Aládùúgbò rẹ̀ lórí ilẹ̀ ni Aladja, níbi tí a ti ṣí ilé-iṣẹ́ irin ńlá ní 1982. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ìrìn àjò wọn. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì, páànù, iṣu àti àpótí ọtí tó bá gba orí ilẹ̀ wá, inú píkọ́ọ̀pù ló ń wà. Òjò tó ń rọ̀ ní agbègbè Warri lọ́dún ju mìlímítà 2,500 lọ. Nítorí náà, títì ọlọ́dà tí òjò ti mú yọ̀ àti ẹrẹ̀ tó lè gbé ọkọ̀ mì lè pàdé lójú ọ̀nà kan náà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Peugeot ti Kaduna bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, nígbà tó sì yá, píkọ́ọ̀pù 504 di ìlúmọ̀ọ́ká láàárín àwọn oníṣòwò. Ọkọ̀ náà le, ó sì ń ru ẹrù, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi yíjú sí píkọ́ọ̀pù tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní fọ́ọ̀-wíìlì. Nísinsìnyí, àwọn tó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ti dàgbà ti ń bèèrè bóyá a lè yọ tiránsífà àtijọ́ kúrò nínú rẹ̀, kí a sì fi èyí tí ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ rọ́pò. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n owó ẹni lè wọmi bí a kò bá mọ ohun tí a ń ṣe.

IṢẸ́ TÍ TIRÁNSÍFÀ Ń ṢE

Tiránsífà ni àpótí irin tó wà lẹ́yìn gíábọ́ọ̀sì. Òun ló ń gba agbára ẹ́ńjìnnì, tó sì ń pín in fún pùrọ̀pẹ́là méjì, ọ̀kan sí iwájú, èkejì sí ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ti wo ọkọ̀ ojú omi ní Ogbe-Ijoh yóò tètè lóye rẹ̀. Bí ẹni tó jókòó níwájú àti ẹni tó jókòó lẹ́yìn bá jọ ń fi àjẹ̀ wa omi, ọkọ̀ náà yóò la ìgbì kọjá. Bí ẹnì kan bá káwọ́ gbera, agbára ẹnì kejì lè má tó.

Nínú tiránsífà àtijọ́, awakọ̀ ni yóò fa ọ̀pá kí iwájú tó bá ẹ̀yìn ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti fà á, àpótí náà yóò de pùrọ̀pẹ́là méjèèjì pọ̀ típẹ́típẹ́, eré kan náà ni wọn yóò sì máa yí. Lórí ẹrẹ̀, èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà, ọ̀nà tí táyà iwájú ń tọ̀ máa ń gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Ẹrẹ̀ a máa jẹ́ kí táyà yọ̀ díẹ̀ kí ara lè tu ẹ̀rọ. Títì gbígbẹ kì í gbà bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni sìtíárì yóò ti wúwo, táyà yóò máa jẹ, eyín gíà tàbí pùrọ̀pẹ́là sì lè kán.

BÍ ÈYÍ TÍ Ń DÁ ṢIṢẸ́ ṢE RÍ

Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi wá nǹkan ṣe sí ìṣòro yìí. Ní 1970, Range Rover jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú gíà kan láàárín tí ń jẹ́ kí iwájú àti ẹ̀yìn yí ní eré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 1973, Jeep ti Amẹ́ríkà gbé tirẹ̀ jáde, èyí tí awakọ̀ kò ní fa ọ̀pá kankan kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ṣiṣẹ́. Nígbà tó di 1995, kọ̀ǹpútà ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà nínú Ford Explorer. Ní 1998, ilé-iṣẹ́ General Motors fi irú rẹ̀ sínú píkọ́ọ̀pù ńláńlá tirẹ̀.

Nínú irú tiránsífà bẹ́ẹ̀, àwọn àwo irin pẹlẹbẹ to léra wọn nínú ọ́ìlì. Ẹ̀rọ kan ń ka iye ìgbà tí pùrọ̀pẹ́là iwájú ń yí, òmíràn ń ka ti ẹ̀yìn. Bí ẹ̀yìn bá ti ń sáré ju iwájú lọ, kọ̀ǹpútà mọ̀ pé táyà ti ń yọ̀. Kíá ni yóò ní kí iná fún àwọn àwo náà mọ́ra, agbára yóò sì dé iwájú. Bí ilẹ̀ bá ti le, yóò tú wọn sílẹ̀.

IBI TÍ IṢẸ́ TI LE

Ohun àkọ́kọ́ ni kí àpótí tuntun bá gíábọ́ọ̀sì àtijọ́ mu. Nínú ọkọ̀ General Motors, eyín ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀ lè jẹ́ 27, ó sì lè jẹ́ 32. Ọ̀kan kò sì ní wọ inú èkejì. A tún gbọ́dọ̀ wò ó bóyá apá òsì tàbí apá ọ̀tún ni pùrọ̀pẹ́là iwájú ti ń jáde. Bí àpótí tuntun bá gùn jù tàbí kúrú jù, a ó gé pùrọ̀pẹ́là, a ó jó o, a ó sì mú un dọ́gba kí ó má baà máa gbọ̀n.

Èkejì, gíà ìdí ẹ̀yìn àti ti iwájú gbọ́dọ̀ jẹ́ ọgbọọgba. Bí pùrọ̀pẹ́là ẹ̀yìn bá ń yí ní ìgbà 4.1 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ti iwájú gbọ́dọ̀ rí. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú gbọ́dọ̀ tóbi bákan náà, nítorí táyà tó jẹ mọ́ èyí tí kò jẹ lè tan kọ̀ǹpútà jẹ.

Ẹ̀kẹta ni họ́ọ̀bù táyà iwájú. Lára ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù àtijọ́, awakọ̀ ní láti sọ̀ kalẹ̀ fi ọwọ́ yí i kí iwájú tó lè fà. Bí a bá fi í sílẹ̀ láìtì, pùrọ̀pẹ́là iwájú lè dúró nígbà tí ti ẹ̀yìn ń yí. Kọ̀ǹpútà yóò rò pé táyà ń yọ̀. Yóò máa fún àwọn àwo, yóò máa tú wọn, títí wọn yóò fi gbó láìtọ́jọ́.

Ẹ̀kẹrin ni iná. Ẹni tó bá ra àpótí láìra kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréènì-bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú wáyà, bọ́tìnnì àti àwọn ẹ̀rọ tí ń ka eré, irin lásán ló rà. Iṣẹ́ yìí kọjá ti mẹkáníìkì nìkan. Rẹ́wáyà tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá a lọ́wọ́ sí i. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọ́ìlì pẹ̀lú ní tirẹ̀: General Motors ní èyí tó ṣe fún tiránsífà yìí nìkan, àwọ̀ búlúù ni. Bí a bá da òmíràn sí i, àwo inú rẹ̀ lè jóná.

TA NI Ó YẸ KÍ Ó ṢE É?

Ní ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù, ì báà jẹ́ Ládípọ̀ ní Èkó tàbí èyí tó wà nítòsí, ọgbọ́n wà nínú kí a rí ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ àpótí náà, kí a ṣí ihò ọ́ìlì rẹ̀ wò, kí a sì gba ìwé owó. Ọ́ìlì tó bá dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná ti sọ ìtàn ara rẹ̀.

Ẹni tó jẹ́ pé inú oko nìkan ni ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ kò nílò àyípadà yìí. Kí ó tún tiránsífà àtijọ́ ṣe, kí ó sì kọ́ ìgbà tó yẹ kí ó fà á àti ìgbà tó yẹ kí ó tú u. Ẹni tó ń ti orí títì tútù bọ́ sínú ẹrẹ̀, tó tún ń padà sórí títì lójoojúmọ́, ni èrè rẹ̀ wà fún, bí owó rẹ̀ bá lè ká gbogbo ẹ̀yà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àbọ̀ iṣẹ́ léwu ju àìṣe lọ, nítorí ọkọ̀ tó dá dúró sójú ọ̀nà lóru lè gba ẹrù àti ẹ̀mí.

Ó tún yẹ kí a rántí pé táyà mẹ́rin tí ń fà kò ní kí bíréèkì tètè mú ọkọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ti Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun tàbí Èkìtì wá sí Delta, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń bọ́ aya àti ọmọ, òun náà ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sílé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní ń le koko.