Ìtọ̀ ló ń gba ẹ̀fọn là lẹ́yìn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ wa yó

Bí ẹ̀fọn bá bà léni lápá, kíá lọwọ́ ti ń lọ síbẹ̀. Ta ni yóò jókòó máa wò ó? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè fara dà á fún ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò rí ìran: ẹnu kòkòrò náà ṣì wà nínú awọ ara, ó ṣì ń fa ẹ̀jẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ti ń kán omi tó, tó, tó. Ìtọ̀ ni. Ó ń jẹ wá, ó tún ń tọ̀ sí wa lára.

Àmọ́ bí kò bá tọ̀, wàhálà dé bá a. Abo ẹ̀fọn ló ń mu ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹyin tó fẹ́ yé, èyí tó sì ń mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Omi oníyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹrù yẹn kò ní jẹ́ kó fò dáadáa, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tó fẹ́ pa á kò jìnnà.

Páìpù tín-ín-rín márùn-ún inú ikùn rẹ̀ ló ń gbà á sílẹ̀. Iṣẹ́ kíndìnrín ni wọ́n ń ṣe. Lára ògiri wọn ni àwọn pọ́ǹpù kan wà tí ojú lásán kò lè rí, èròjà purotéènì ni wọ́n. Kì í ṣe omi ni wọ́n ń fà o. Èyí tó jẹ́ ọ̀gá nínú wọn, V-ATPase, háídírójìn oníná ló ń tì wọ inú páìpù. Agbára ìtì yìí ni iyọ̀ ń bá wọlé, ibi tí iyọ̀ bá sì lọ, omi a tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Klaus Beyenbach fi yẹ iṣẹ́ yìí wò ní Yunifásítì Cornell, ní Amẹ́ríkà. Tanwíjí inú omi òjò náà ní pọ́ǹpù, ṣùgbọ́n òdìkejì ni tirẹ̀: ìwọ̀nba iyọ̀ inú omi ló fi ń fà wọra.

Jíìnì, ìyẹn ìlànà àbínibí tí ara fi ń mọ pọ́ǹpù wọ̀nyí, ti wà lákọsílẹ̀: ti Anopheles gambiae tó ń gbé ibà kiri jáde ní 2002, ti Aedes aegypti tó ń gbé ibà pọ́njú jáde ní 2007. Kì í ṣe ìmọ̀ tí a lè fojú di. Oògùn tí wọ́n ń rẹ nẹ́ẹ̀tì sí kò ran ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn mọ́, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ibà pa èèyàn bí 597,000 ní 2023. Nínú mẹ́wàá tó kú, bíi mẹ́ta jẹ́ ará Nàìjíríà.

Kí ló wá dé tí wọn kò fi oògùn dí pọ́ǹpù ọ̀gá yẹn pa? Ara èèyàn náà ní V-ATPase ni. Májèlé tó dí ti ẹ̀fọn lè dí ti ọmọ tó sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀bùrú ni Jerod Denton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Vanderbilt gbà: ẹnu ọ̀nà tí pọ̀tásíọ̀mù ń gbà kọjá lára páìpù náà ni wọ́n dojú kọ. Ní 2016 ni wọ́n kéde èròjà VU041. Nílé ìwádìí, ó pa ẹ̀fọn, títí kan èyí tí oògùn nẹ́ẹ̀tì kò ràn, kò sì pa oyin.